Bí Mo Ṣe Wá Aya fún Òdòdó Ìbídùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Arómọyè. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, kí ó wú u tán nísinsìnyí; ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ó lọ mumi, nítorí bí mo bá ti la ẹnu mi báyìí, n kì í pa á dé títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní Ọdẹ́jìmí tí ó gbá ẹkùn létí ní Igbó Àrán, tí ẹkùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, òun náà ni ó wá ń kúnlẹ̀ lọ́sàn-án gangan lẹ́bàá igi ẹlẹ́gùn-ún, tí ó ń fi àkísà nu ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà Oyèkàn tí ó jókòó sórí àga yẹn ni ó tilẹ̀ bi mí lánàá pé, “Bàbá, níbo lẹ ti rí róòsì tí ó ń tanná nínú ọyẹ́?” Tíṣà, ìwọ tí o mọ̀wé tó báyìí, o kò rí i nínú ìwé? Ó dára. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà. Mo rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo tilẹ̀ kí i, ó sì dá mi lóhùn.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi kò ní ro tèmi lónìí. N ó gé e fún yín, kí olúkúlùkù mú ibi tí ó bá wù ú.

Ní ìgbà tí egungun mi ṣì le, èmi àti Àwẹ̀ró ìyàwó mi bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin ni, Ìbídùn ni a sọ ọ́. Ọmọ náà kò bẹ̀rù igbó. Ní ọjọ́ kan ó tẹ̀ lé mi dé ahoro ilé òyìnbó kan tí igbó ti gbé mì, ibẹ̀ ni ó ti rí igi róòsì kan tí ó ti di ará igbó pátápátá, tí ó rọ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀gún rẹ̀ mú bí èékánná ológbò. Ìbídùn hú u, ó gbìn ín sí abẹ́ fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ kò pa á. Ọyẹ́ kò pa á. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ewúrẹ́ ni ó kábàámọ̀. Àléébù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé ọjọ́ méje péré ni ó ń tanná lọ́dún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kẹjọ, gbogbo rẹ̀ ti wọ́ dànù.

Ọdún tí a ń múra àtifi Ìbídùn fọ́kọ ni ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣàìsàn, ó sì lọ. Mo sọ ọ́ ní kúkúrú nítorí n kò lè sọ ọ́ ní gígùn. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá, ó dojú kọ ògiri, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́. A bẹ̀ ẹ́, a sunkún sí i lára, kò fọhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí òdòdó Ìbídùn là lábẹ́ fèrèsé, tí òórùn rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, Àwẹ̀ró dìde jókòó, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ ti jẹun?” Háà! Ọjọ́ méje ni ó fi bá mi sọ̀rọ̀. A rántí ọmọ wa, a rẹ́rìn-ín, a sunkún. Ní ọjọ́ kẹjọ òdòdó wọ́, ohùn ìyàwó mi sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọdún kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọdún kẹta.

Ẹ̀yin ènìyàn, ọjọ́ méje nínú odidi ọdún kò tó ọkọ láti fi gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún kẹta náà, kí òdòdó tó wọ́, mo gbọn ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tí ó wà láàárín rẹ̀ sínú àdó kékeré kan, mo fi ìda oyin dí i, kí n lè máa gbóòórùn rẹ̀ nínú igbó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo igi wọ́wé, mo jókòó sí ìta lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì gbóòórùn róòsì nínú afẹ́fẹ́. Mo yẹ àdó wò, ó dí pinpin. Mo wo abẹ́ fèrèsé, igi Ìbídùn wà ní ìhòòhò. Òórùn náà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo wí fún ara mi pé ibì kan wà ní ayé yìí tí róòsì kì í ti í ṣíwọ́. Mo fi Àwẹ̀ró lé Àbẹ̀ní àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi imú ṣíwájú, mo sì tẹ̀ lé imú mi.

Ibi tí imú kọ́kọ́ gbé mi dé ni Igbó Dìímú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa igbó yẹn. Kò sí ewé kankan níbẹ̀, ẹ̀gún nìkan ni, ẹ̀gún funfun láti ilẹ̀ dé ojú ọ̀run, ìkùukùu sì wà láàárín wọn bí òwú tí a kò tíì ran. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí labalábá ti ń ju ìyẹ́. Àwọn iwin ibẹ̀ ń sùn lórí ìdúró láàárín ẹ̀ka, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú oorun. Èmi Ọdẹ́jìmí kò bẹ̀rù. Mo wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀, ni ẹ̀gún kan bá gbé mi láṣọ.

Mo fà á. Ẹ̀gún mìíràn gbé mi lápá. Mo fà á, ìkẹta gbé mi ní itan, ìkẹrin gbé mi ní etí. Bí mo ti ń fi agbára síwájú ni wọ́n ń wọ̀ mí lára sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi so rọ̀ níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Ní ọjọ́ kẹta, iwin kan tí ó ga bí ọ̀pẹ, tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àgbọ̀n, la ojú náà díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, “Ta ní ń mi igbó mi jìgìjìgì?”

Mo ní, “Èmi ni! Èmi Ọdẹ́jìmí, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yà-lọ́nà, ọmọ a-bá-erin-du-odò-mu! Ọdẹ kì í padà sẹ́yìn!”

Iwin náà yán. Ó ní, “Gbogbo àwọn tí ó gbé síhìn-ín ni ó ní oríkì. Wo ilẹ̀.” Mo wolẹ̀, mo rí egungun ọdẹ lóríṣiríṣi, ìbọn olúkúlùkù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Oorun ń kùn mí, àlọ́ kan péré ni n ó pa fún ọ. Kí ní ń fi ẹ̀yìn rìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ síwájú?”

Mo ní, “Akàn ni.”

Ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ ni akàn fi ń rìn. Irú ọdẹ wo ni ọ́?” Ó sì ń di ojú rẹ̀ pa.

Ojú tì mí, ẹ̀yin ará. Mo ronú láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ìgbà náà ni mo rántí bàbá ìyá mi tí ó máa ń lọ́ okùn ní ẹ̀yìnkùlé wa. Bí okùn bá ti ń gùn, bàbá á máa fi ẹ̀yìn rìn, títí yóò fi fi ìdí gbá ògiri, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Mo kígbe pé, “Ẹni tí ń lọ́ okùn ni!”

Iwin ní, “O mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí o kò ṣe bíi tirẹ̀?” Ó sì sùn lọ.

Mo fi ìtìjú tẹ̀ sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ kan péré. Gbogbo ẹ̀gún tú mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà, kọ èyí sílẹ̀: ẹ̀yìn ni orí ẹ̀gún ń kọ sí, ẹni tí ó bá ń fà síwájú ni ó ń kàn án mọ́ ara rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe la Igbó Dìímú já, tí mo ń tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, títí òórùn náà fi kún ọ̀nà ọ̀fun mi, tí mo sì rí ẹnu bodè Ìlú Àìwọ́.

Háà, Ìlú Àìwọ́! Bí mo bá ní kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, oorun yóò gbé yín lọ. Róòsì bo òrùlé, ó bo ògiri, ó bo ẹnu kànga. Bí ọ̀kan bá ti ń já, méjì ń là. Àwọn obìnrin ń gbá ewé òdòdó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ilẹ̀ kì í sì í mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹni méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn lówùúrọ̀, wọn á kí aya, wọn á kí ọmọ, wọn á kí ilé, wọn á kí ọ̀nà, ìkíni náà kò ní tán títí di ọjọ́ kejì. Wọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ ó dìgbà. Obìnrin kan ni olórí wọn, Yèyé Àìwọ́ ni wọ́n ń pè é, irun rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ọmọ jòjòló.

Mo ní kí ó fún mi ní ẹ̀ka kan. Ó ní, “Gé e, kí o máa lọ.” Ẹnu yà mí pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gé ẹ̀ka, mo jáde ní bodè, n kò tíì rin ìṣísẹ̀ méje tí ó fi dúdú lọ́wọ́ mi, ó sì di eérú. Mo padà, mo gé òmíràn, mo fi ewé tútù dì í, eérú. Mo gé ẹ̀kẹta, mo fi ẹ̀wù mi bò ó, eérú ni.

Yèyé Àìwọ́ ní, “Ọmọ mi kò mọ òtútù rí, kò mọ òùngbẹ rí. Afẹ́fẹ́ ìta yìí ni ikú rẹ̀. Ìwọ, kí ni o ní nílé tí o fi ń wá tèmi?”

Mo ṣí àdó. Òórùn òdòdó Ìbídùn jáde, òórùn líle, tí ó ní iyanrìn àti èéfín nínú. Àwọn tí ń gbálẹ̀ dúró. Mo sọ fún Yèyé bí ọ̀rọ̀ ti rí, bí ọmọ mi ṣe gbin igi yìí, bí ó ṣe kú nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi ọjọ́ méje sọ̀rọ̀ lọ́dún. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ yìí kò mọ̀ ju kí ó wà láàyè lọ. Tèmi kò mọ̀ ju kí ó tanná lọ. A lè so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n o wá fi àdá gé ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé bí wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó ní ìlú yín nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo jáde ní bodè, mo wá obì àti orógbó, mo wá oyin àti iyọ̀, mo sì padà wá bí ẹni tí bàbá bí dáadáa. Wọ́n ti bodè mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn kò ní ọmọ obìnrin. Mo ní mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù mí í já. Wọ́n ní kí n kọrin, mo kọrin. Wọ́n ní ohùn mi kò dára, kí n dọ̀bálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí, nítorí èmi ni ó yẹ kí ọmọ ẹlòmíràn wá dọ̀bálẹ̀ fún nítorí Ìbídùn. N kò rí ọjọ́ náà. Mo sunkún níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń bá mi ṣàwàdà fi wá gbé mi dìde.

Nígbà náà ni Yèyé fi iṣẹ́ hàn mí. Ó ní kí n fi èyí tí ó ti là sílẹ̀, nítorí oyin ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi. Mo wá èyí tí ó ṣì di ẹnu, mo fi ìka ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yọ ìyẹ̀fun tirẹ̀ dànù kí ó má baà fẹ́ ara rẹ̀. Mo ti ìyẹ́ àparò bọ inú àdó, mo fi ìyẹ̀fun òdòdó Ìbídùn kan àárín rẹ̀, mo sì fi ewé dáṣọ bò ó lójú bí ìyàwó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, èso kan yọ níbẹ̀, ó pọ́n bí ẹyìn. Irúgbìn méjìlá ni mo bá nínú rẹ̀.

Yèyé ní, “Kò ní hù níhìn-ín. Ọmọ tí yóò gbé inú òtútù, inú òtútù ni a ti ń jí i. Gbé e lọ bá Ọyẹ́ lórí òkè rẹ̀. Kí o sì gbọ́ o: ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Bí o kò bá rí i, má ṣe sọ pé kò sí.” Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin ará, etí mi gbọ́, àyà mi kò gbọ́.

Ẹ̀yin rò pé ẹ mọ Ọyẹ́. Ẹ mọ èémí rẹ̀ ni, ẹ kò mọ òun fúnra rẹ̀. Àgbàlagbà gíga kan ni, ó funfun fún eruku, gìgísẹ̀ rẹ̀ sán tó bẹ́ẹ̀ tí alángbá ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ. Bí mo ti yọ sí i ni ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, “Ọdẹ, jọ̀wọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín o! Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ètè mi á ya.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi òrí pa á. Ó ní, “Ta ni yóò fún mi? Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà yín, gbogbo yín ẹ ti ìlẹ̀kùn.” Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yọ òrí tí ó wà nínú àpò mi, mo fi pa á létè, ó sì gbà mí sí ilé.

Ó bo irúgbìn mi mọ́ inú iyanrìn tútù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sùn lé e lórí fún oṣù mẹ́ta. Èmi jókòó tì í. Eyín mi ń lu ara wọn, ọ̀rọ̀ ń di yìnyín lẹ́nu mi. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ kúrò, gbogbo méjèèjìlá ti hù! Ọyẹ́ fẹ́ lù wọ́n, wọn kò kú. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, wọn kò kú. Mo ń jó lórí òkè. Nígbà tí ó di ọdún kejì, wọ́n so òdòdó, wọ́n là, gbogbo òkè ń rùn dídùn. Mo ń ka ọjọ́. Ọjọ́ kẹfà, wọ́n wà níbẹ̀. Ọjọ́ keje, wọ́n wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, gbogbo wọn já.

Mo dúró oṣù kan, mo dúró oṣù márùn-ún. Ewé ni, ẹ̀gún ni, kò sí òdòdó. Ọyẹ́ ti lọ síta ní tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá mi wí. Mo ní Yèyé Àìwọ́ ti tàn mí jẹ. Mo ní ìgbéyàwó náà kò ní èso. Ìbínú mú mi, ìbínú ọdẹ tí ó yìnbọn tí kò bá ẹran. Mo dìde, mo fa èkíní tu pẹ̀lú gbòǹgbò. Mo fa èkejì. Mo fa mọ́kànlá tu, mo sì na ọwọ́ sí ìkejìlá, ni ẹ̀gún rẹ̀ bá gbé mi láṣọ. Kí n tó tẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó tú mi sílẹ̀, ìbínú ti rọ̀. Mo jókòó sáàárín àwọn tí mo fà tu.

Ọyẹ́ dé, ó rí wọn nílẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ, kí lo ṣe?”

Mo ní, “Wọn kò jọ ìyá wọn. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi tanná.”

Ó jókòó tì mí. Ó ní, “Ní ìlú yín, bí ìyá àgbà bá kú, tí wọ́n sì bí ọmọ obìnrin sínú ilé, kí lẹ ń sọ ọ́?”

Mo ní, “Yétúndé ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.”

Ó ní, “Ṣé ọmọ inú ìyá àgbà náà ni ẹ ń pè bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Rárá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.”

Ó ní, “Ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì?”

Mo ní, “Ọmọ rẹ̀ ni.”

Ó ní, “Ó dára. Ọmọ yẹn ni ilé tí ìyá àgbà sùn sí kí ó tó tún yọ. Láti kékeré lo ti mọ èyí. O gbé Yétúndé jó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, o jẹ iyọ̀ rẹ̀, o jẹ oyin rẹ̀. O wá fa ilé mọ́kànlá tu, pẹ̀lú ẹni tí ń sùn nínú wọn.”

Mo fi orí gbálẹ̀. Mo rò pé n ó kú níbẹ̀. Ọyẹ́ pàápàá sunkún, òun tí kì í ní omi lára. Ọ̀kan tí ó kù, ẹ̀rù ti bà á, kò yọ òdòdó ní ọdún náà, kò yọ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, mo ń pọn omi gun òkè fún un. Nígbà tí ó yá, ó là. Oyin kan tí ó ṣìnà gba ibẹ̀ kọjá, ó bà lé e. Èso kan ṣoṣo yọ, irúgbìn mẹ́rin péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ọyẹ́ fi ọwọ́ lé wọn fún oṣù mẹ́ta, ó sì gbé mi sí èjìká rẹ̀, nítorí ọ̀nà ìlú wa ni ó ń bọ̀. Ẹ rántí ọyẹ́ líle ọdún kan tí ó fẹ́ òrùlé Olóyè Ṣàngóṣànyà lọ? Èmi ni mo wà lórí rẹ̀.

Ọdún méje ni mo lò lẹ́yìn odi. Àbẹ̀ní kò dá mi mọ̀, ó fẹ́ fi ọmọ odó lé mi. Àwẹ̀ró dojú kọ ògiri bí mo ṣe fi í sílẹ̀, àfi irun rẹ̀ tí ó ti funfun. Mo kúnlẹ̀, mo gbin irúgbìn mẹ́rin sínú ìkòkò tí ó ti fọ́ létí, mo gbé e sí abẹ́ fèrèsé. Wọ́n hù. Mẹ́ta nínú wọn ga, wọ́n yọ ewé yẹtuyẹtu, gbogbo àdúgbò ń yìn wọ́n. Ẹ̀kẹrin kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Àbẹ̀ní ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa èyí tu kí àwọn tó kù lè ráyè.”

Mo ní, “Àbẹ̀ní, fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Mo ti fa gbogbo èyí tí mo máa fà láyé.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́ náà, tí ètè gbogbo ayé gbẹ, igi tí kò ju ìka lọ yẹn la òdòdó kan. Kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Òórùn rẹ̀ wọlé. Àwẹ̀ró yí ojú kúrò lára ògiri, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbídùn. Ẹ ti dé.”

Ẹ̀yin ará, mo ṣe bẹbẹ! Mo fi ọjọ́ méje sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Igbó Dìímú, Ìlú Àìwọ́, èmi àti Ọyẹ́. Mo ń fò sókè, mo ń ju ọwọ́. Ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ní kí n jẹun, kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, òdòdó náà já. Mo rí i tí ó bọ́ sílẹ̀. Mo sáré wọlé, mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀ kí ó tó pa dé. Ni Àbẹ̀ní bá kígbe láti ìta pé, “Ẹ wá wò ó o! Ó tún ti la òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!”

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó ti di ọjọ́ kẹjọ, mo sì ń sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbídùn.”

Ó ní, “Ẹ jókòó, a ní ẹjọ́. N kò fẹ́ fi ọjọ́ méje bá yín jà, nítorí ọjọ́ méje kò tó fún ìjà àti fún ìfẹ́. Ní báyìí tí ọjọ́ ti pọ̀, ẹ gbọ́. Ọdọọdún ni òdòdó ọmọ wa ń là nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ọdún méje, ọjọ́ méje méje. Ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo fi dìde jókòó lórí ibùsùn yìí, tí mo ń pe Bàbá Ìbídùn. Àbẹ̀ní ni ó ń dá mi lóhùn.”

Mo gbé orí mi lé e lórí ẹsẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Ẹ má lọ mọ́.” Ohun tí ó wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí ni ìdí tí ẹ kì í fi í rí mi nínú igbó mọ́, tí ìbọn mi fi dípẹtà, tí mo fi ń nu ewé róòsì lọ́sàn-án gangan. Tíṣà, bí o bá fẹ́ ẹ̀ka kan, wá mú un lọ́la, mú obì dání. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́? Ìyàwó mi ń pè mí nínú ilé. Àbẹ̀ní wà nítòsí rẹ̀ o, ó lè bá mi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n n kò ní gbà fún un. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé rẹ̀.

Mo ń bọ̀ o, Ìyá Ìbídùn! Mo wà níbí. Mo ń bọ̀.